Àpótí Ìbò Tó Sá fún Kíkà

Aago méjì ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Akọ̀wé ṣí ọ́fíìsì rẹ̀ láti gbé àpótí ìbò jáde fún kíkà, àfi bó ṣe bá orí tábìlì lófìfo. Ó wo abẹ́ tábìlì. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó tiẹ̀ fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó wo inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àpótí tó ń wá ga tó àga ìjókòó. Nígbà tó sú u, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún mọ́ra, ó dá a padà sójú, ó sì tún orí tábìlì wò lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá awò ló dọ̀tí.

Ogún òṣìṣẹ́ ló jọ ni ilé ìtẹ̀wé yìí, ọjọ́ náà ni wọ́n sì fẹ́ yan alága tuntun. Ìbò ọ̀hún kì í ṣe ti ṣeréṣeré. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ti gbó, ikọ́ ló ń wú bí arúgbó. Àwọn tó ń darí ẹ̀rọ ní kí wọ́n ra tuntun, irú èyí tó ń tẹ ìwé tó sì ń dì í pọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ojú ewé pọ̀ di ìwé, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní àwọn adìwé, ní bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá gba géètì wọlé, àwọn ni yóò lé gba géètì jáde. Bẹ́ẹ̀ bí wọn ò bá sì rà á, àwọn ará ẹ̀rọ ni yóò wá iṣẹ́ míì, torí ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè lo ọdún náà já. Ẹni tó bá di alága ni yóò sọ èyí tí wọ́n máa ṣe.

Ọlọ́pàá méjì ló wá. Sájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Kó-Wọn. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sí ẹjọ́ tó dé iwájú rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ kó wọn." Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó wọn tán ni í tó bèèrè ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, obìnrin kúkurú kan tó fi bí ọdún mẹ́wàá kéré sí i lọ́jọ́ orí. Èrè-Ńkọ́ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́, torí bí wọ́n bá ní ẹnìkan jalè, kì í bèèrè ibi tí onítọ̀hún sá gbà. Ohun tó máa ń bèèrè ni pé, "Èrè ńkọ́? Kí ló máa rí níbẹ̀?" Sájẹ́ǹtì fẹ́ràn rẹ̀, ó sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn a máa fa iṣẹ́ gùn.

Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí Sájẹ́ǹtì fi yanjú ẹjọ́ náà lọ́kàn ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wo fèrèsé yìí," ó ní. "Òwú ni wọ́n fi so ó. Òwú adìwé. Wọ́n gba ibí wọlé, wọ́n gbé àpótí, wọ́n wá so fèrèsé padà. Ẹ jẹ́ ká kó wọn."

"Ìyàwó ilé mi náà máa ń so fèrèsé," ni Akọ̀wé wí jẹ́jẹ́. "Ìkọ́ fèrèsé yìí ló ti já láti ọdún tó kọjá. Èmi ni mo tọrọ òwú lọ́wọ́ wọn."

Sájẹ́ǹtì yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ọwọ́ yíǹkì wà lára ilẹ̀kùn. Àwọn ará ẹ̀rọ nìyẹn."

"Ilé ìtẹ̀wé la wà, sà. Ọwọ́ yíǹkì wà lára ife omi wa."

Èrè-Ńkọ́ tẹ̀ ba síbi àgádágodo ilẹ̀kùn, ó rí i pé kò sí àmì pé ẹnikẹ́ni fi ipá ṣí i. "Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Méjì, mà. Ọ̀kan wà lọ́rùn mi níbí. Ìkejì wà lórí ìṣó nílé aṣọ́gbà, níbi tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé wà. Kò sẹ́ni tí kò lè mú un."

"Ẹ ṣàlàyé ìbò náà fún mi."

Akọ̀wé tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Òun ló ṣe òfin ìbò náà, ó sì dùn mọ́ ọn pé ẹnìkan bi í. Ó ní olùdíje mẹ́ta ló wà: Ọ̀gá Ẹ̀rọ, Ìyá Adìwé, àti aṣọ́gbà. Kálukú yóò to orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe wù ú. Ẹni tó bá wà lókè gba máàkì méjì, ẹni àárín gba ọ̀kan, ẹni ìsàlẹ̀ kò gba nǹkan kan. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló wọlé.

"Báwo ni aṣọ́gbà ṣe dé ibẹ̀?"

"Òfin ẹgbẹ́ ní olùdíje kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ìkẹta, la bá fi orúkọ rẹ̀ dí i."

"Ṣé ẹ bi í?"

Akọ̀wé wò ó bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó bi àga kó tó jókòó lé e. "Aṣọ́gbà ni, mà."

* * *

Sájẹ́ǹtì bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun dán ọgbọ́n kan wò. Wọ́n kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá, kò sì tíì já a kulẹ̀ rí. Ó mú Ọ̀gá Ẹ̀rọ sí yàrá bébà, ó mú Ìyá Adìwé sí yàrá òwú, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ó wá lọ sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: pé ẹni kejì ti ń jẹ́wọ́ lọ́hùn-ún, pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ òótọ́ ni yóò sùn nílé lónìí.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ọkùnrin gíga tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, kò jẹ́ kó pẹ́. "Mo rí i," ó ní. "Aago kan ọ̀sán gééré. Ìyá Adìwé gbé àpótí náà rù, ó ń jó lọ."

"Ó ń jó?"

"Ara rẹ̀ ni ijó wà, Sájẹ́ǹtì. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni."

Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ó wá kọjá sí yàrá kejì. Ìyá Adìwé ti ń dúró dè é, ó ká apá mọ́ àyà, ó fi abẹ́rẹ́ há irun.

"Ọ̀gá Ẹ̀rọ ló gbé e," ó ní. "Abẹ́ ẹ̀wù ló tì í sí."

"Ìyá, àpótí tó ga tó àga?"

"Ẹ̀wù rẹ̀ fẹ̀."

Bí Sájẹ́ǹtì ṣe rí olè méjì fún àpótí kan nìyẹn. Ó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó kún fọ́fọ́ lọ́wọ́, kò sì mọ èyí tí ì bá mú níbẹ̀.

"Pàkúté yẹn dára," ni Èrè-Ńkọ́ wí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Àmọ́ ẹni méjì tó jọ jalè ló ń mú. Ẹni tó jalè ń bẹ̀rù pé ìkejì òun mọ òótọ́. Ẹni tí kò jalè kò bẹ̀rù òótọ́ kankan, ẹ wá fún un láyè láti fi irọ́ gún ọ̀tá rẹ̀. Ta ni kò ní gbà?"

Ó fa àgékù bébà kan sọ́dọ̀, ó fa ilà lóròó, ó fa ilà níbùú, títí tí bébà náà fi di onígun mẹ́rin kéékèèké. Sájẹ́ǹtì rò pé ó ń ya ilẹ̀ balùwẹ̀ tó fẹ́ ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ kọ orúkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọ ohun tí èèyàn lè ṣe sórí, ó wá ń fi ohun tí kálukú máa rí jẹ níbẹ̀ dí àwọn àlàfo náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n pe àwọn méjèèjì jáde.

"Bá a bá rí àpótí yẹn tá a kà á," ó bi wọ́n, "ta ló máa wọlé?"

"Èmi," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí.

"Èmi," ni Ìyá Adìwé wí, ohùn wọn sì kọlu ara wọn lójú ọ̀nà.

"Bá a bá ní kẹ́ ẹ tún ìbò náà dì lọ́la ńkọ́?"

Inú àwọn méjèèjì bàjẹ́. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ní òun ò ní gbà, iyán òun ti wà nínú odó. Ìyá Adìwé ní ẹni tó bá fẹ́ tún un dì ló mọ̀ pé òun ti pàdánù. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Èrè-Ńkọ́ fi bírò pa orúkọ wọn méjèèjì rẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ ti tú wọn sílẹ̀ nìyẹn?"

"Ẹni tó gbà pé òun ti borí kì í dá eré dúró, Sájẹ́ǹtì. Ẹ̀rù pé ìbò ò ní dáa fún un ló lè mú èèyàn jí àpótí tí wọn ò tíì ṣí. Ẹni tá à ń wá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Ta ló lè mọ̀ ọ́n? Wọn ò tíì kà á."

"Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀ báyìí."

* * *

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀rọ ni Èrè-Ńkọ́ kọ́kọ́ pè, géńdé kan tí ọrùn rẹ̀ nípọn. Ó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé òun kì yóò fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, ó wá bi í bó ṣe dìbò.

Géńdé náà wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo fi ọ̀gá mi ṣe àkọ́kọ́. Ká sọ òótọ́, Ìyá Adìwé ló tẹ̀ lé e, obìnrin náà gbọ́n, ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un ní máàkì kan, ó lè fi ká ọ̀gá mi mọ́. Mo bá jù ú sísàlẹ̀ pátápátá, mo fi bàbá aṣọ́gbà sí àárín, torí mo mọ̀ pé wọn ò lè wọlé láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi nìkan ni mo mọ ọgbọ́n yẹn o."

"Ẹ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?"

"Rárá o. Àfi bàbá fúnra wọn, níbi géètì. Àna mi ni wọ́n, bàbá ìyàwó mi ni. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún bàbá, bí ìgbà téèyàn sọ òkò sínú kànga ni. 'Mo gbọ́' nìkan ni wọ́n máa dáhùn. Mo-Gbọ́ la tiẹ̀ ń pè wọ́n."

"Ìyàwó yín dà?"

Ojú géńdé náà rẹ̀ wálẹ̀. "Adìwé ni. Ó wà nínú yàrá lọ́hùn-ún. A ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rìnlá. Bí mo bá fẹ́ iyọ̀, ṣe ni mo máa ń sọ fún ìkòkò."

Wọ́n pe ìyàwó náà. Obìnrin tínínrín ni, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ó wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo fi ìyá wa ṣe àkọ́kọ́. Ọ̀gá Ẹ̀rọ kì í ṣèèyàn burúkú, àmọ́ bí mo bá fún un ní máàkì kan, ó lè fi ṣe wá ní jàǹbá. Mo bá fi bàbá mi sí àárín. Èmi nìkan ni mo ronú kan ìyẹn o, mà."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Kò sí. Bàbá mi nìkan."

Èrè-Ńkọ́ ń pè wọ́n lọ, wọ́n ń wẹ̀yìn, wọ́n ń rẹ ohùn sílẹ̀. Mẹ́sàn-án lápá ẹ̀rọ, méje lápá adìwé, kò sí èyí tí kò gbà pé òun nìkan ni Ọlọ́run fi ọgbọ́n náà hàn. Nígbà tó fi máa kan ẹnìkeje, Sájẹ́ǹtì ti ń bá wọn parí gbólóhùn. Ọ̀gá Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dì í bẹ́ẹ̀. Ìyá Adìwé dì í bẹ́ẹ̀. Ibi kan náà ni gbogbo wọn sì ti lọ fọ́nnu.

Akọ̀wé ló kù, àti awakọ̀, àti ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀. Akọ̀wé laagùn. Ó ní òun fi aṣọ́gbà ṣe àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn alágbára méjèèjì má baà bínú sí òun.

"Awakọ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fẹ́ wàhálà. Awakọ̀ àti ìyá fi Ọ̀gá Ẹ̀rọ sí àárín. Èmi fi Ìyá Adìwé sí i, torí òwú fèrèsé yẹn."

"Níbo lẹ ti jọ sọ ọ́?"

"Níbi géètì," ni Akọ̀wé wí. Ẹnu rẹ̀ ò pa dé mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ.

Èrè-Ńkọ́ ti bébà sí iwájú Sájẹ́ǹtì. "Ẹ bá mi rò ó."

Sájẹ́ǹtì fi ìka rò ó, ó fi bírò rò ó, ó wo òkè àjà. Ó ro Ọ̀gá Ẹ̀rọ: ènìyàn mẹ́sàn-án ní méjì méjì, ìyẹn méjìdínlógún, pẹ̀lú méjì láti ọwọ́ awakọ̀ àti ìyá, ogún. Ó ro Ìyá Adìwé, ó bá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wá ro aṣọ́gbà, ó tún un rò, ó ní ìṣirò òun ti dàrú.

"Mélòó lẹ rí?"

"Méjìlélógún, ọ̀gá. Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn fi dí àlàfo ni."

"Gbogbo wọn ló fi dí àlàfo náà," ni Èrè-Ńkọ́ wí. "Mẹ́sàn-án kò tó ìdajì ogún, méje kò tó o. Kálukú ń sá fún ọ̀tá rẹ̀, abẹ́ igi kan náà ni wọ́n sì sá sí. Wọ́n wá sọ fún igi náà." Ó dìde, ó gbọn ẹ̀rún bébà kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀. "Ìbò mọ́kàndínlógún la ti gbọ́. Ta la ò tíì bi?"

* * *

Ọkùnrin kúkurú ni Mo-Gbọ́, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ilé rẹ̀ lẹ́nu géètì kò ju kí èèyàn méjì àti àga kan wọ̀ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó lára ògiri, àpò àgékù bébà mẹ́ta sì fara ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń dúró de ẹni tó ń kó wọn. Ó kí àwọn ọlọ́pàá, ó fún Èrè-Ńkọ́ ní àga.

"Bàbá," ni Èrè-Ńkọ́ wí, "nígbà tẹ́ ẹ rò ó, mélòó lẹ bá?"

"Méjìlélógún, ọmọ mi. Ọ̀kànlélógún ni ti Ọ̀gá Ẹ̀rọ. Ìyá Adìwé ní mẹ́tàdínlógún. Òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́ nínú ìbò tèmi, torí ọmọ mi. Mo fi ara mi sísàlẹ̀. Mo rò pé ìyẹn á gbà mí."

"Àpótí ńkọ́?"

Ó fi ẹsẹ̀ kan àpò àárín. Sájẹ́ǹtì ti ọwọ́ bọ inú àgékù bébà títí dé èjìká, ó fa àpótí ìbò jáde pẹ̀lú àgádágodo lẹ́nu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣí i.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ látìgbà tá a ti dé?" ni Sájẹ́ǹtì bi í, ohùn rẹ̀ sì le, torí ojú ń tì í.

"Ẹ ò bi mí, ọmọ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ kọjá níbí. Omi mímu lẹ bèèrè."

Èrè-Ńkọ́ wo ìta kó má baà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà yíjú sí bàbá náà, ó bi í ní ìbéèrè tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. "Èrè ńkọ́, bàbá? Ẹ borí. Kí lẹ fẹ́ rí nínú kí àpótí sọnù?"

Bàbá tún kọ́kọ́rọ́ kan ṣe lórí ìṣó. Ó ní ọmọbìnrin òun wà lápá kan, ọkọ rẹ̀ wà lápá kejì. Bí òun bá di alága tí òun ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ, òun ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ òun. Bí òun bá ní kí wọ́n má rà á, òun ti gba ti ọkọ ọmọ, èyí tó ń fojú bàbá wo òun. Èyíkéyìí tí òun bá ṣe, ilé àwọn ọmọ náà yóò tú. Wọ́n ti ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ báyìí.

"Ẹ lè kọ̀ ọ́," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Mo rò ó. Òfin ní bí ẹni àkọ́kọ́ bá kọ̀, ẹni kejì ló ń bọ́ síbẹ̀. Ọ̀gá Ẹ̀rọ nìyẹn. Ṣé kíkọ̀ mi kọ́ ló lé ọmọ mi lọ nígbà náà? Bí mo bá gbà, mo dáràn. Bí mo bá kọ̀, mo dáràn. Mo wá ronú pé bí àpótí kò bá sí, kò sí àkọ́kọ́, kò sí ìkejì. Wọ́n á tún un dì, màá sì ti lọ kí ẹ̀gbọ́n mi lábúlé."

Sájẹ́ǹtì, tó ti ń fi ọwọ́ kan ṣẹkẹṣẹkẹ̀ létí ìgbànú rẹ̀, mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Òun náà ní ọmọbìnrin nílé ọkọ.

Èrè-Ńkọ́ ti tẹ́ bébà onílà rẹ̀ sórí orúnkún, ó ti ń múra láti ṣàlàyé ohun kan nípa agbára àti bí wọ́n ṣe ń pín in. Ó kọ́kọ́ bi í pé, "Bàbá, ọmọ mélòó lẹ fọwọ́ ara yín tọ́?"

"Méjì. Obìnrin méjì, ìyá wọn sì tètè lọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jà lórí ẹran. Bí mo bá pín in, mo ṣègbè. Bí mo bá ní kí ẹ̀gbọ́n pín in, ó ṣègbè. Ọjọ́ kan ni mo fi ọ̀bẹ lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, mo ní, 'Ìwọ gé e, àbúrò rẹ ló máa kọ́kọ́ mú.' Ẹ bá wá wo bí ọmọ náà ṣe ń gé ẹran. Bí ẹni ń gé wúrà."

Èrè-Ńkọ́ ká bébà rẹ̀ sí mẹ́rin, ó sì tì í sínú àpò. "Bàbá," ó ní, "ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ ka ìbò."

* * *

Akọ̀wé kà á lójú gbogbo ènìyàn. Nígbà tó pe méjìlélógún, kò sẹ́ni tó pariwo. Kálukú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá Adìwé wo àwọn adìwé, Ọ̀gá Ẹ̀rọ wo àwọn ọmọ ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tó lè bínú sí ẹnì kejì láìsọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

"Bí ẹ bá ti dì í bó ṣe wà lọ́kàn yín ni," ni Èrè-Ńkọ́ sọ fún wọn, "Ọ̀gá Ẹ̀rọ ì bá ní méjìdínlọ́gbọ̀n, Ìyá Adìwé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bàbá yìí mẹ́fà péré."

Ọ̀gá Ẹ̀rọ jókòó sórí àpò bébà kan. Ó rò ó wò fúnra rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. "Àwọn adìwé ló ṣe mí," ó ní.

"Ẹ̀yin náà ṣe wá," ni Ìyá Adìwé dá a lóhùn. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀."

Mo-Gbọ́ bọ́ síwájú. Wọn ò tíì gbọ́ kí bàbá náà sọ ju gbólóhùn méjì lọ rí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dákẹ́. Ó ní wọ́n máa ra ẹ̀rọ tuntun. Àwọn adìwé fẹ́ dìde, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí Ọ̀gá Ẹ̀rọ kọ gbogbo iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀, kó pín in sí ìwé méjì. Iṣẹ́ inú ìwé kan, ẹ̀rọ ni yóò dì í. Ti ìwé kejì, ọwọ́ ni yóò rán an, ẹ̀rọ kò sì gbọ́dọ̀ fara kàn án. Ìyá Adìwé ni yóò kọ́kọ́ mú èyí tó bá fẹ́ fún àwọn adìwé, ẹ̀rọ á gba èyí tó bá kù.

Ọ̀gá Ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gba bírò. Ó kọ gbogbo ìwé ilé ẹ̀kọ́ ńlá ńlá sí apá kan, ó kọ káàdì ìpè sí apá kejì. Ó gbójú sókè, ó rí Ìyá Adìwé tó ń wò ó, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. Ó ya ìwé náà. Ó kọ òmíràn. Ó gbé kàlẹ́ńdà láti ọ̀tún sí òsì, ó wá fi ìwé àdúrà dípò rẹ̀, ó fọwọ́ họrí, ó ya ìyẹn náà. Láàárín wákàtí kan àbọ̀, ó ti ya ìwé mẹ́fà, ó ti bọ́ ẹ̀wù òkè, àwọn ọmọ ẹ̀rọ sì ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Akọ̀wé fa Èrè-Ńkọ́ sí kọ̀rọ̀, ó ní àpótí náà kò jáde nínú ọgbà, nítorí náà ẹgbẹ́ kò ní ẹ̀sùn kankan mọ́. Sájẹ́ǹtì gbà á lẹ́nu rẹ̀ ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ máa ṣófo padà, kò sì dùn ún tó bó ṣe rò. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n má tíì lọ, òun fẹ́ rí ìparí rẹ̀.

Níkẹyìn, Ọ̀gá Ẹ̀rọ gbé ìwé méjì kalẹ̀ lórí tábìlì, ó nu ojú. Ìyá Adìwé sún mọ́ ọn. Ó ka ti ọ̀tún, ó nawọ́ sí i. Ó ka ti òsì, ó fa ọwọ́ padà. Ó tún ti ọ̀tún kà. Àwọn adìwé kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ka ojú ìwé lórí èjìká rẹ̀, èyí ní kó mú ti ìhín, òmíràn ní kó mú ti ọ̀hún. Oòrùn ti ń wọ̀, ó ṣì dúró síbẹ̀.

Ó yíjú sí Ọ̀gá Ẹ̀rọ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti pè é ní orúkọ tó dáa gbẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," ó ní, "èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?"

"Ìyá, ẹ mú èyí tó bá wù yín," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí, ó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé òótọ́ nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti wá ìyàtọ̀ títí. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Lẹ́yìn gbogbo wọn, lẹ́bàá ògiri, ọmọ ẹ̀rọ ọlọ́rùn nínípọn yẹn bi ìyàwó rẹ̀ bóyá iyọ̀ ṣì wà nílé. Obìnrin náà ní ó ti tán, kí àwọn méjèèjì jọ yà rà á lọ́nà.